Ọkàn Tó Ń Sáré Bí Ọkọ̀ Tí Kò Ní Bíréèkì

Ẹrù tí èèyàn rù lórí, ó ní ibi tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ sí. Ti inú ọkàn ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń sọ èyíinì kalẹ̀ sí?

Ní agogo méjì òru, nígbà tí gbogbo agbo ilé láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba ti pa rọ́rọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ló wà tó jẹ́ pé ara wọn nìkan ló dùbúlẹ̀. Ọkàn wọn ti jí, ó ti gba ọjà lọ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Àjọ tí wọn yóò dá lọ́jọ́ Sátidé. Owó ọ̀sẹ̀ tí àwọn ayánilówó ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ Ajé. Owó ìdánwò ọmọ. Kẹ́ẹ̀gì epo tó tún gbówó lé. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ìsọ̀ kejì sọ lánàá, tó wọ èèyàn lára dé eegun. Bó bá ka gbogbo ẹ̀ tán, á tún padà sórí àkọ́kọ́. Títí wọn á fi pe ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba, kọ́bọ̀ kan ò kúrò nínú gbèsè náà, oorun náà ò sì sí mọ́.

Ti oníṣẹ́ ọwọ́ náà ò yàtọ̀. Télọ̀ kan ní Bẹyẹrunkà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn ti lọ bá onílé tó fẹ́ gba owó ilé. Kó tó mọ̀, ó ti rán apá òsì mọ́ apá ọ̀tún. Aṣọ oníbàárà bàjẹ́, wàhálà kan di méjì. Ti wẹ́dà àti kápẹ́ńtà tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn bá kúrò nídìí ayùn, ìka ọwọ́ ló máa ń jìyà ẹ̀.

Àwọn àgbà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àròkàn ló ń fa ẹkún àsun-ùn-dá. Wọ́n sì mọ̀ pé ìrònú yàtọ̀ sí àròjù. Kí èèyàn ronú, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Kó wá ro nǹkan kan náà nígbà ogójì láì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, àròjù nìyẹn. Bó bá sì pẹ́ lára, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. "Orí mi ń gbóná." "Ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí mi." "Àyà mi ń já ṣáá, mi ò mọ ohun tó ń já a." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu aládùúgbò?

IBI TÍ WỌ́N Ń SÁ SÍ

Bó bá ti dójú ẹ̀, ibi mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń sá sí. Àwọn kan á lọ bá ẹni tó ń ta oògùn kiri, wọ́n á ra hóró Valium tàbí Diazepam tí dókítà kankan ò kọ fún wọn. Lóòótọ́, wọ́n á sùn. Ṣùgbọ́n bó bá di àṣà, ara á ti mọ̀ ọ́n, hóró kan ò ní ràn án mọ́, á di méjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sì sí, àìsùn ọjọ́ yẹn á ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì. Dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kejì á gba ìdí paraga lọ. Ọtí ń gbé èèyàn sùn lóòótọ́, òun náà ló tún ń jí i láàárín òru.

Àwọn kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n á ní ìyá ọkọ ni, wọ́n á ní orogún ni, wọ́n á ní obìnrin tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà ni. Ìjà á dé, gbèsè ò sì ní lọ.

Ẹnì kan lè ní, "Àìsàn òyìnbó nìyí jàre, ta ló ráyè ẹ?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òyìnbó kan náà rò. Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ J. C. Carothers kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó ní àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Abẹ́òkúta kan wà lára àwọn tó já a níyàn. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ni, tí wọ́n bí ní 1923. Láti 1954 ló ti ṣètò ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, pé kí àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n má fi wọ́n sí àtìmọ́lé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí òun àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà lọ yẹ àwọn èèyàn agbègbè Abẹ́òkúta wò, tí ìwé wọn jáde ní 1963, wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn àti ìpayà wà láàrin Yorùbá náà. Ọdún yẹn kan náà ni Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ò yọ sílẹ̀. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ iléèwé Nàìjíríà tó ń kàwé tí ìwé ò wọlé mọ́, tí orí wọn ń gbóná, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Àwọn ọmọ náà ló sọ àìsàn náà lórúkọ: brain fag. Ọpọlọ wọn ti rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ojo. Àìsàn gidi lè ti ibẹ̀ jáde. Ó sì dára kí èèyàn tètè fa ọkàn wálẹ̀ kó tó débẹ̀.

KÍ ỌKÀN WÀ NÍBI TÍ ARA WÀ

Ọ̀nà kan wà tí kò gba kọ́bọ̀. Mindfulness ni òyìnbó ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé tàgbà tèwe: kí ọkàn wà níbi tí ara wà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Éṣíà ló ti wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1979, ọkùnrin kan, Jon Kabat-Zinn, mú un wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn tí ìrora àti ìdààmú ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe idán. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 47 jọ, tí èèyàn 3,515 wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ó ń dín ìpayà, ìbànújẹ́ ọkàn àti ìrora kù níwọ̀nba. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ó dára ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Ní 2022, ìwádìí míràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 276 tí àìsàn ìpayà ń yọ lẹ́nu. Wọ́n fún apá kan ní oògùn, wọ́n kọ́ apá kejì ní àṣàrò yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tó ṣe àṣàrò ò gbẹ́yìn àwọn tó lo oògùn.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó gbé ẹrù láti Ọjà'ba, tó gun òkè Mápó, bó bá dé iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn, á dúró, á sọ ẹrù, á mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ara ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èèyàn bá ń mí jáde díẹ̀díẹ̀, ọkàn tó ń lù kìkì nínú àyà á dẹ̀rọ̀, iṣan á tú, ara á gbà pé kò sí ẹkùn tó ń lé òun. Ìyẹn ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, láì dúró de òkè Mápó.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Kí ọlọ́jà dé ìsọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú kó tó pa àtẹ. Kó jókòó sórí àpótí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ̀yìn nà díẹ̀, kí ọwọ́ wà lórí itan. Bó bá wù ú kó di ojú, bí kò sì fẹ́ kí olè jí ọjà òun, kó la ojú ẹ̀ sílẹ̀ kó máa wo ilẹ̀. Kó má sọ pé òun fẹ́ mí bíi ti ẹnì kankan. Kó kàn fura sí èémí bó ṣe ń gba ihò imú wọlé, bí inú ṣe ń wú, bí inú ṣe ń fà. Bó bá mí jáde, kó ka oókan. Bó tún mí jáde, kó ka eéjì. Bó bá dé ẹẹ́wàá, kó bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Kò ní tíì ka ẹẹ́ta tí ọkàn á fi sá lọ. Á ti dé ọ̀dọ̀ alájọ, á ti ń bá obìnrin ìsọ̀ kejì jà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé, "Èyí ò wà fún irú àwa." Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó má bú ara ẹ̀, kó má bá ìrònú náà jà. Kó kàn sọ nínú pé, "Ìrònú ni," kó sì padà sórí oókan. Bí ìyá ṣe ń ṣe ọmọ tó ń rá kúrò lórí ẹní ni. Kì í nà án, á gbé e padà. Ó tún rá lọ, á tún gbé e padà. Gbígbé padà yẹn ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ sá lọ nígbà ogún, tó sì fà á padà nígbà ogún, ti ṣe iṣẹ́ ogún.

Bí ọmọge aláṣọ òkè kan bá ṣe é lọ́jọ́ mẹ́ta, tó wá ráhùn lọ́dọ̀ àgbà, bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa rí nìyí:

"Màmá, mo ṣe é títí, ọkàn mi ò dúró. Bí mo bá ti jókòó báyìí, owó àjọ ló ń sọ sí mi lọ́kàn."

"Ọmọ mi, ta ló ní kó dúró? Nígbà tó o ń kọ́ aṣọ híhun ńkọ́, ṣé òwú ò já mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni?"

"Ó ń já, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́."

"Kí lo wá ṣe? O sọ òfì nù?"

"Rárá o, màmá. Mo so ó ni."

"Ìyá mi, máa so ó lọ."

Ẹni tí kò bá ráyè jókòó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣe é. Obìnrin tó ń pa ẹ̀pà, kó mọ èèpo bó ṣe ń fọ́ lábẹ́ ìka. Ẹni tó ń fọ abọ́, kó mọ omi bó ṣe tutù tó. Ẹni tó ń rìn láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó, kó mọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, kó mọ ti òsì. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ Micra àti ọ̀kadà ti ń fọn fèrè, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o! Kí ẹnikẹ́ni má di ojú lójú títì.

Lóru, bí oorun bá dá, ohun kan náà ni. Kó má wo aago, kó má tan fóònù. Kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó máa tẹ̀lé èémí. Bí oorun ò bá tiẹ̀ tètè dé, ara á ti sinmi ju ti ẹni tó ń ka gbèsè títí ilẹ̀ fi mọ́.

ṢÉ KÌ Í ṢE Ẹ̀SÌN MÍRÀN?

Ará Ìbàdàn bá ti gbọ́ "àṣàrò" báyìí, ara á ti fu ú. Ṣé awo ni? Ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn di ọmọ ẹ̀yìn Maharaj Ji tí abúlé ẹ̀ wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó ni? Kò kàn án. Kò sí ẹni tí wọ́n ń pè, kò sí ohun tí wọ́n ń bọ. Èémí tí Ọlọ́run fi sínú oníkálukú ni wọ́n ń kíyè sí.

Àti pé, ta ni kò ní ìbátan ẹ̀ nílé? Mùsùlùmí tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun, tí ìka ẹ̀ ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí ọkàn padà sójú kan. Kristẹni tó ṣí ìwé Sáàmù á bá "àṣàrò" nínú orí kìíní. Àwọn onísẹ̀ṣe tó ń fi omi tútù àti omi ìgbín tu orí, ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ka oókan, eéjì, kó fi ọ̀rọ̀ àdúrà tó mọ̀ rọ́pò ẹ̀. Kò lè ba nǹkan kan jẹ́.

ÌBÀLẸ̀ ỌKÀN Ò LÈ SAN ÀJỌ

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ wà o. Èémí ò lè san owó ọ̀sẹ̀. Onílé ò ní gba ẹ̀mí sísinmi dípò owó. Ẹni tó bá ní àṣàrò nìkan ti tó, ó ń tan ọlọ́jà jẹ. Ohun tí ọkàn tó balẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí èèyàn rí gbèsè náà bó ṣe tó gan-an, kó sì rí ẹsẹ̀ tó kàn láti gbé.

Orílẹ̀-èdè Zimbabwe ti fi èyí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pe àìsàn yìí ní kufungisisa, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni àròjù gan-an. Ní 2006, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 ní Mbare, ní ìlú Harare, bí wọ́n ṣe máa jókòó ti ẹni tí ọkàn ẹ̀ dàrú, lórí bẹ́ńṣì kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Friendship Bench ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá àgbà á ní kó ka gbogbo ìṣòro ẹ̀, kó mú ẹyọ kan, kí àwọn méjèèjì jọ wá ohun tó ṣeé ṣe sí ẹyọ náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìwádìí lórí èèyàn 573 jáde ní 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún tó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà, bíi 14 ló ṣì ní àmì ìbànújẹ́ ọkàn. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó tó 50.

Nílé níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké láti tọ́jú aboyún tí ìbànújẹ́ ọkàn mú. Nígbà tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2019, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìyá náà ni ara wọn ti yá kí ọmọ wọn tó pé ọdún kan. Nítorí náà, kò dìgbà tí èèyàn bá ń já aṣọ kó tó lọ rí nọ́ọ̀sì.

Èyí ni ọlọ́jà lè ṣe nínú ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ̀. Bó bá ti fa ọkàn wálẹ̀ tán, kó bi ara ẹ̀ pé, "Nínú gbogbo ẹ̀, èwo ni ọwọ́ mi tó lónìí?" Bóyá kó tètè lọ bá alájọ kí ọjọ́ tó pé, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan." Bóyá kó gba gbèsè tí oníbàárà jẹ ẹ́. Ẹyọ kan péré. Kó ṣe ìyẹn, kó jẹ́ kí ìyókù dúró de ọ̀la. Bí òru bá sì tún gbé e dé, kó kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́. Ohun tó ti wà nínú ìwé kò tún nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ lóru.

ÌGBÀ TÓ KỌJÁ ÌJÓKÒÓ

Àwọn àmì kan wà tí àpótí ìsọ̀ ò lè gbà. Bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí oúnjẹ ò wọnú, tí iṣẹ́ ò ṣeé ṣe mọ́; bí ìyá ọmọ tuntun bá ń sunkún ṣáá tí kò fẹ́ rí ọmọ; bí èèyàn bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́; bí ọkàn bá ń sọ fún un pé ikú yá ju kí òun wà láàyè, kí wọ́n má dá a dá a, kí wọ́n má sì dúró de ọ̀la. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, tàbí UCH, tó ti ń tọ́jú ará Ìbàdàn láti 1957. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Àwọn kan tún wà tí ìjókòó jẹ́ẹ́ máa ń rán létí ohun burúkú tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn, tí àyà á tún máa já sí i. Kí irú wọn dìde, kí wọ́n fi ìrìn tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe é, kí wọ́n sì wá ẹni bá sọ ọ́. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má torí àṣàrò já oògùn ẹ̀ o.

Ìyókù kù sọ́wọ́ oníkálukú. Ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ kò pọ̀ jù fún ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé lọ́jọ́ kan ni. Àwọn òyìnbó náà fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọkàn pàápàá wà nínú ẹ̀.